Ẹsítéètì Orí Tábìlì

Bí ẹ bá gbọ́ tí àgbàlagbà kan ń ròyìn bí ayé ṣe dùn tó ní Èkó nígbà owó epo, ẹ bi í léèrè ilé ẹni tó ti dùn. Èmi wà níbẹ̀. Kétu ni mo ti wá, ní òdìkejì bodè, ní ilẹ̀ tí àwọn Faransé ti fi sílẹ̀ tí gbogbo ayé ṣì ń pè ní Dàhòmì. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé Ẹgbẹ́dá, mo sì lè sọ fún yín pé ohun tí owó epo kọ́kọ́ rà fún àwọn ènìyàn ibẹ̀ ni ìgbéraga. Bàtà onígìgísẹ̀ gíga ló tẹ̀ lé e. Ọgbọ́n ni wọn kò rí rà, bóyá nítorí pé kò sí lára ẹrù tí ọkọ̀ ojú omi ń já sí èbúté.

Ohun àkọ́kọ́ tó yà mí lẹ́nu kì í ṣe ilé gogoro tàbí iná ìlú. Ẹgbẹ́dá kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìkankan nínú méjèèjì nígbà náà. Bí ẹ bá ti kúrò létí títì, oko ẹ̀gẹ́ ni ẹ óò máa rí. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn Yorùbá ń pè mí ní Ègùn, èmi tí bàbá mi fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ka orúkọ àwọn ọba Kétu sí létí. Nígbà tí mo lọ kí bàbá onílé wa, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí a ti í ṣe nílé. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ègùn yìí mà gbọ́ Yorùbá o." Bẹ́ẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ kò lè parí ọ̀rọ̀ kan láìfi Gẹ̀ẹ́sì tó ti bàjẹ́ bu iyọ̀ sí i. Mo dìde, mo gbọn eruku kúrò láyà mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ̀gàn wọn nínú ara mi, ó sì ṣe mí láǹfààní, nítorí ẹni tó bá ń pẹ̀gàn ènìyàn kì í ráyè sunkún.

Iṣẹ́ káfíńtà ni mo kọ́. Mo rò pé ilé ni n óò máa kọ́, nítorí gbogbo Èkó ló ń kọ́lé. Mo ṣe é fún ìgbà díẹ̀ ní Ìkòtún, mò ń kan pákó tí wọ́n ń da kọnkéré sí. Lọ́jọ́ kan, lásìkò oúnjẹ, mo jókòó sábẹ́ igi, mò ń fi pòròpórò àgbàdo gbẹ́ àga kékeré kan bí a ti ń ṣe léwe. Ọkùnrin kan tó wá wo ilé tí à ń kọ́ dúró lé mi lórí. Ṣòkòtò rẹ̀ fẹ̀ nísàlẹ̀ débi pé ó ń gbálẹ̀ fún wa. Ó gba àga náà, ó gbé e sókè, ó di ojú kan, ó ní kí n wá bá òun ṣiṣẹ́.

Ọ̀gá Lọ́ńdọ̀nù ni a ń pè é lẹ́yìn, nítorí kò sí ohun tí ẹ ṣe tí kò ní sọ pé wọn kì í ṣe é bẹ́ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni fíìmù ìpolówó, àwọn kúkúrú tí wọ́n ń fi hàn lórí tẹlifíṣàn, tàbí ní ilé sinimá kí fíìmù gidi tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní ahéré onípáànù ńlá kan lẹ́yìn ilé rẹ̀ tí kò tíì parí ní Ẹgbẹ́dá, jẹnẹrétọ̀ sì ń bú níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Nínú ahéré náà ni a ti ń ṣe gbogbo ohun tí Èkó kò ní. Bí wọ́n bá ń polówó ọṣẹ, a ó ṣe odò tó mọ́ gaara. Dígí ni. Bí ó bá jẹ́ bíà ni, a ó fi páálí ìṣáná to ìlú olókè gogoro, ìgò bíà yóò sì yọ láàárín rẹ̀ bí ọba tó jáde sí gbangba. Ìyẹ̀fun pákó tí a pa láró ni koríko wa, kànrìnkàn ni igi wa. Gọ́ọ̀mù òyìnbó wọ́n, nítorí náà ògì tí a sè kí ó ki ni a fi ń lẹ ògiri mọ́ra. Kámẹ́rà yóò wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́, ohun gbogbo a sì di ńlá.

Ẹ rò ó wò ná. Ní àdúgbò tí obìnrin ti ń gbé garawa rìn títí kó tó rí kànga, dígí ni a fi ń ṣe odò, wọ́n sì ń sanwó fún un. Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín sí i nínú ahéré yẹn àyàfi èmi, èmi náà sì ń rẹ́rìn-ín mi sínú.

Ọjọ́ kan wà tí mo yọ̀, n kò ní purọ́. Mo lọ sí ilé sinimá ní Agége, wọ́n sì fi ìlú páálí ìṣáná mi hàn kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀. Ó bo gbogbo ara ògiri. Iná ń tàn ní fèrèsé tí mo fi abẹ́rẹ́ lu. Àwọn ènìyàn pariwo ìyìn, orí mi sì wú. N kò lè pa á mọ́ra, mo sọ fún ọkùnrin tó jókòó tì mí pé èmi ni mo ṣe ìlú yẹn. Ó wò mí pẹ̀lú àánú. Ó ní òun mọ ìlú náà dáadáa, pé àbúrò ìyàwó òun ń gbé ibẹ̀. Irú àwọn ènìyàn tí epo ń yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn nìyẹn.

Ẹnì kan ṣoṣo ni n kò lè pẹ̀gàn ní Ẹgbẹ́dá, òun sì ni Ìyá Risi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló bí i. Òun ló gbà mí sílé nígbà tí mo dé, kí n tó rí yàrá tèmi ní ẹ̀yìnkùlé kan náà. Alágbàfọ̀ ni, ó ń fọ aṣọ àwọn olówó tuntun, ó sì ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́ títí yóò fi le bíi pákó. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Kétu. Màmá Àgbà ni gbogbo wa ń pe ìyá náà. Òun ló tọ́ èmi náà dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá mi.

Ìyá Risi ti búra pé àwọn ọmọ òun kò ní wá sí Èkó láti sùn sábẹ́ tábìlì tí òun fi ń lọ aṣọ, níbi tí onílé yóò ti máa pè wọ́n ní ọmọ Ègùn. Ilé tí ó jẹ́ tirẹ̀ ni wọn yóò wọ̀. Ọdún ń yí lu ọdún, ilé kò dé. Bí ará ilé kan bá sọdá bodè wá, yóò ní Risi ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ, àbíkẹ́yìn kò sì rántí ojú ìyá rẹ̀ mọ́. Ìyá Risi yóò gbọ́, yóò dúpẹ́, yóò sì padà sídìí áyọ́ọ̀nù rẹ̀.

Bí ó bá fẹ́ gbọ́ ohùn wọn, a ó rán ẹni tó ń lọ sílé níṣẹ́ kí Màmá Àgbà wá dúró ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Kétu lọ́jọ́ báyìí. Àwa náà yóò lọ sí ọ́fíìsì tẹlifóònù ní Marina, a ó tò títí. Òṣìṣẹ́ kan ṣàlàyé fún wa pé ohùn wa yóò kọ́kọ́ gba Lọ́ńdọ̀nù, yóò ti ibẹ̀ dé Párísì, kí ó tó padà wá sí Kétu. Kétu tí ẹni tó bá jí ní ìdájí lè dé kí oòrùn tó wọ̀. Òyìnbó lọ tán, ó ní bí a bá fẹ́ kí ara wa kú àárọ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ òun la ó gbà kọjá. Àwa gbà, a sì tún ń tò sórí ìlà. Lórí ẹ̀rọ náà, ọ̀rọ̀ kan ni àwọn ọmọ máa ń sọ. Wọ́n ń béèrè ìgbà tí àwọn yóò wá. Ìdáhùn kan náà ni ìyá wọn ní: òun ṣì ń wá ilé.

Ibi tí a bá ọ̀rọ̀ dé nìyí nígbà tí iléeṣẹ́ kan wá bá Ọ̀gá Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ ẹsítéètì sí ọ̀nà Ìgàndo, kí àwọn ènìyàn máa sanwó sílẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ṣì wà lórí ilẹ̀ náà. Nítorí náà, wọ́n fẹ́ fíìmù tí yóò fi ẹsítéètì hàn bí ẹni pé ó ti wà. Iṣẹ́ mi dé nìyẹn. Ọ̀gá ní kí n ṣe ilé òyìnbó, onídígí, tí gáréèjì wà níwájú rẹ̀. Mo ṣe é. Mo to ilé kan tẹ̀ lé èkejì lórí tábìlì gbọọrọ, mo da koríko ìyẹ̀fun pákó sí iwájú wọn, mo fi ọ̀dà ya títì. Wọ́n rẹwà bí òkú tí a wọ̀ láṣọ tuntun.

Ọ̀gá kò sọ nǹkan kan nípa ẹ̀yìn ilé, nítorí ẹ̀yìn kò ní hàn. Èmi ni mo gbé ẹ̀yìn àwọn ilé náà sọ́wọ́, tí n kò sì lè fi wọ́n sílẹ̀ lófìfo. Bóyá ó ti sú mi láti máa kọ́ ilé tí ènìyàn kò lè gbé. Mo ṣe ilé ìdáná kékeré sí ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo fi ọ̀ṣùṣù ọwọ̀ bo orí rẹ̀, mo gbé òkúta mẹ́ta sínú rẹ̀. Mo fi amọ̀ mọ amù omi, mo gbé e sí apá òsì ẹnu ọ̀nà, mo sì da igbá dé e lójú. Apá ọ̀tún ni gbogbo ayé máa ń gbé amù sí, ṣùgbọ́n ọlọ́wọ́ òsì ni Màmá Àgbà, ilé ìdáná rẹ̀ ni mo sì ń rántí.

Nígbà tí wọ́n ń ya fíìmù náà, ọmọkùnrin tó ń di kámẹ́rà mú rí ẹ̀yìn ilé, ó sì gbé kámẹ́rà gba ibẹ̀. Ọ̀gá fẹ́ bínú. Ó ní wọn kì í dáná níta ní Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ti iléeṣẹ́ náà wá tẹjú mọ́ ilé ìdáná yẹn pẹ́, ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé èyí gan-an ni yóò wọ àwọn ènìyàn lára. Ọ̀gá wá yí padà, ó ní òun náà ti rò ó bẹ́ẹ̀. Kí a tó túká, ó kìlọ̀ fún wa pé ẹni tó bá sọ ohun tó wà nínú ahéré náà síta, kó má padà wá.

Bàbá onílé ní tẹlifíṣàn. Ojú fèrèsé rẹ̀ ni àwa ayálégbé ti máa ń wò ó, tí òun náà yóò sì máa wò wá bí ẹni ń wo adìẹ tó wọ pálọ̀. Ní alẹ́ tí fíìmù náà jáde, Ìyá Risi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ohùn ọkùnrin kan tó dùn bí oyin ń sọ pé kí onílé wá wọ ilé rẹ̀. Kámẹ́rà rìn lórí títì ọ̀dà, ó yí sí ẹ̀yìn, ó dé ilé ìdáná. Mo ń rẹ́rìn-ín sínú. Ìyá Risi kò mira.

Ní ọjọ́ kejì, láìgbé ojú kúrò lára áyọ́ọ̀nù, ó ní, "Ẹni tó kọ́ ilé yẹn mọ irú wa."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo kọ́ ọ. Kò ga dé orúnkún yín."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ẹni tí kò rí ju yàrá kan gbé, òun ló wá kọ́ odindi ẹsítéètì, àbí. Mo bá a rẹ́rìn-ín, mo sì lọ síbi iṣẹ́ mi. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti tán. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a, ṣùgbọ́n ẹni tó pa òwe yẹn kò mọ̀ pé irọ́ yóò wọ tẹlifíṣàn.

Nígbà tí a tún lọ sí Marina, mo dúró síta àpótí onídígí tí wọ́n ti ń gba ẹ̀rọ. Ariwo ni a máa ń pa kí wọ́n tó gbọ́ wa ní Kétu, nítorí náà gbogbo ọ̀rọ̀ Ìyá Risi ni mo gbọ́. Ó ní òun ti rí ilé. Ó ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni òun yóò kó gbogbo ohun tí òun ti fi áyọ́ọ̀nù pa láti ọdún yìí wá lọ fún iléeṣẹ́ náà. Ó ní kí wọ́n di ẹrù àwọn ọmọ, kí ẹni tó ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ kó wọn wá.

"Ìyá, apá òsì ni amù wà," ó ní. "Apá òsì bíi tiyín. Mo fi ojú ara mi rí i."

Láti ìgbà tí mo ti dé ni mo ti ń fi àwọn ará Èkó ṣe ẹ̀sín pé wọ́n ń gba ohun tí wọ́n bá ṣáà ti rí lórí ògiri gbọ́. N kò rò ó rí pé ẹni tí ohun tí mo fi ọwọ́ mi mọ yóò mú kì í ṣe ará Èkó. Àárò ilé ló ṣe mí tí mo fi mọ amù yẹn, ọkùnrin iléeṣẹ́ tó rẹ́rìn-ín músẹ́ sì ti mọ iye tí àárò ilé ń tà lọ́jà. Ẹ̀rù bà mí, inú sì bí mi, n kò mọ èyí tó ṣáájú.

Ọ̀rọ̀ ẹnu kò lè wọ Ìyá Risi létí mọ́. Mo sọ fún un nínú ọkọ̀ bí a ti ń padà bọ̀ pé orí tábìlì ni ilé náà wà, ó ní ìlara ń ṣe mí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bẹ̀ ẹ́ kó tẹ̀ lé mi dé ibi iṣẹ́. Mo ní bí ó bá débẹ̀ tí kò rí ilé rẹ̀, kó má pè mí ní àbúrò mọ́. Ó tẹ̀ lé mi. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ahéré náà bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí.

Ẹsítéètì náà ṣì wà lórí tábìlì rẹ̀ ní igun, eruku ti bò ó. Ògì tí mo fi lẹ̀ ẹ́ ti fa èkúté. Wọ́n ti jẹ ògiri ilé púpọ̀, wọ́n ti da òrùlé nù, wọ́n sì ti yàgbẹ́ sínú gáréèjì. Ìyá Risi rìn yí tábìlì náà ká. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn ilé kan tó ṣẹ́kù. Mo ti múra sílẹ̀ fún ẹkún, mo ti múra sílẹ̀ fún èébú. Kò ṣe ìkankan.

Nígbà tó nàró, ojú mi ló wò. Ó ní, "O mọ̀ wá sórí tó báyìí, o sì wà níhìn-ín, ò ń fi gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Kí ló dé tí o kò lọ sílé?"

Ní Ẹgbẹ́dá, Ègùn ni mí. Bí mo bá padà sí Kétu, ará Èkó ni wọn yóò máa pè mí, wọn yóò sì máa wo ọwọ́ mi. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí, ṣùgbọ́n ẹni tó wí bẹ́ẹ̀ kò sọ ohun tí a ó fi ọwọ́ òfìfo ṣe tí a bá délé. Ibi kan ṣoṣo tí mo ti jẹ́ ọmọ ilé ni orí tábìlì yẹn, èkúté sì ti jẹ ẹ́. N kò sọ èyí fún un.

Ọ̀gá Lọ́ńdọ̀nù wọlé bá wa níbẹ̀. Ó mọ Ìyá Risi, nítorí òun ló ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àṣírí iṣẹ́ ni mo tú, pé wọn kì í mú ará ilé wọ irú ibẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, pé ilé yóò ṣáà wà lọ́jọ́ iwájú. Ìyá Risi kúnlẹ̀ kí i dáadáa bí ó ti máa ń ṣe. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin náà ti san tiyín sílẹ̀?" Ọ̀gá ní kí n má padà wá lọ́jọ́ kejì. Mo kó ayùn àti òòlù mi. Iṣẹ́ náà kò dùn mí. Ọwọ́ tí ń fi dígí ṣe odò, wọn yóò rí òmíràn.

Ohun tó kù ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ. Ọjọ́ Jímọ̀ ń sún mọ́lé, ẹrù wọn ti wà ní dídì. Ìyá Risi kò jẹun. Ó ní báwo ni òun yóò ṣe sọ fún wọn pé kí wọ́n tú ẹrù, àwọn tí òun ti fi ilé tàn láti ìgbà tí wọ́n ti ń rá kòrò. Mo ní kí n bá a sọ ọ́. Ó kọ̀. Ní ọjọ́ tí a lọ sí Marina, ojú rẹ̀ ti wú.

Ó wọ inú àpótí náà. Mo dúró síta. Nígbà tí ẹ̀rọ mú, ó pariwo pé, "Ìyá, kò sí ilé. Irọ́ ni. Yàrá kan náà ni mo ṣì wà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n wá." Ó ní òun yóò tún wá ilé, kí wọ́n fún òun láyè díẹ̀ sí i.

Màmá Àgbà kò gbà pé ẹ̀rọ lè gbé ohùn jẹ́jẹ́. Bí ó ti ń pariwo ní Kétu, mo ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn dígí, pẹ̀lú gbogbo Lọ́ńdọ̀nù àti Párísì tí ó gbà kọjá.

"Ta ló béèrè ilé lọ́wọ́ rẹ?" ó ní. "Láti ìgbà tí o ti lọ, ṣé o ti gbọ́ ọ rí lẹ́nu wọn? Ìwọ ni wọ́n ń béèrè."

Màmá Àgbà ń pe ọmọ rẹ̀, ó ń béèrè bóyá ẹ̀rọ ti já, ó ń béèrè bóyá kí àwọn ọmọ máa bọ̀. Mo rí Ìyá Risi láti ojú dígí, ó di ẹ̀rọ náà mọ́ etí, ó ń mi orí sókè sódò, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, sí ẹni tí kò lè rí i.